Òdo Tí Ẹnikẹ́ni Ò Kọ

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe ìdánwò, ó gba òdo. Ẹnì kejì ṣe tirẹ̀, olùkọ́ ò tíì kọ máàkì rẹ̀ sílẹ̀. Ṣé ọ̀kan náà làwọn méjèèjì? Ẹ bi Java, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ `int maaki;` gẹ́gẹ́ bíi field nínú class, kí ẹ má fún un ní iye kankan: òdo ni Java máa rọra fi síbẹ̀, kò ní bi yín, kò sì ní kìlọ̀.

Àwa tá à ń kọ èyí ti fara gbá níbẹ̀. A kọ ètò kékeré kan tó ń ṣírò ìpíndọ́gba máàkì. Èsì jáde, ìpíndọ́gba lọ sílẹ̀ gan-an, síbẹ̀ kò sí àmì àṣìṣe kankan. Àwọn tí máàkì wọn ò tíì wọlé ni ètò náà kà sí olódo. Ká ní ó ti kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ni, kíá la ò bá ti tún un ṣe. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Ohun tó ń bí wa nínú ni pé Java mọ ohun tó tọ́. Ẹ gbé ìlà yẹn kan náà sínú method, kí ẹ wá fẹ́ lò ó láì tíì fún un ní iye: compiler yóò yarí. Kí ló dé tí ẹ̀ṣẹ̀ inú method fi di ohun tí wọ́n ń gbójú fò nínú field?

Àwọn olólùfẹ́ Go á ní òdo wúlò: `sync.Mutex` ṣeé lò láì ṣètò ohunkóhun. Òótọ́ ni, ó sì sàn ju ti C lọ, níbi tí variable inú function tí a ò fún ní iye ti lè gbé pàǹtí dání. Ṣùgbọ́n bí JSON bá dé láìsí ọjọ́ orí nínú rẹ̀, òdo lẹ máa bá nínú field `int` náà, bíi pé ẹnì kan ló fi òdo ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá lọ bá pointer.

Rust ló ṣe é bó ṣe yẹ. Ẹ fo field kan nígbà tí ẹ ń ṣẹ̀dá struct, kóòdù yín ò ní compile. Bí ẹ bá fẹ́ iye tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀, ẹ kọ `..Default::default()` síbẹ̀. Iye náà wà, àmọ́ ẹnì kan ló béèrè fún un, ẹni tó bá sì ń ka kóòdù náà á rí i.

Wọ́n á ní èyí ń fi kún ohun tí à ń tẹ̀. Ìlà kan péré mà ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń kọ Java bíi tiwa, ẹ fi `final` síwájú field tí kò ní yí padà; compiler ò ní jẹ́ kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Bí òdo lẹ fẹ́, ẹ kọ òdo.