Ẹni tí ó kó Adágún sínú Ìgò

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọjà kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ yàrá: ewéko kan tí ó rí rìbìtì, tí a fi sínú ìgò omi tí a sì fi ọmọrí dé. Olùtà a máa wí pé kò sí wàhálà nínú rẹ̀, pé kí á ṣáà gbé e kalẹ̀ kí á máa wò ó. Àwa kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó bá dé ìgò náà ti gba iṣẹ́ adágún ṣe; bí kò bá lè ṣe é, ó sàn kí ó má rà á.

Orúkọ tí àwọn Òyìnbó fi ń tà á pàápàá ń ṣi ni lọ́nà, nítorí ó sọ ọ́ di ọmọ ìyá ohun kéékèèké bí irun tí ń bo ògiri nígbà òjò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbátan ohun yíyọ̀ tí ń bo òkúta inú odò ni, inú omi ni ó sì ń gbé. Orúkọ tí àwọn ará Jàpáànù ń pè é bá ìwà rẹ̀ mu jù: marimo, èyí tí Takiya Kawakami sọ ọ́ ní ọdún 1898, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ bọ́ọ̀lù ewéko inú omi. Ẹni tí ó bá gbé e lé orí erùpẹ̀ nínú ìgò, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń pa á.

Ní adágún Akan, ní erékùṣù Hokkaido, a rí èyí tí ó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Kì í sì í yára dàgbà: nǹkan bí 5 mìlímítà ni ó ń fi kún ìbú rẹ̀ lọ́dún. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Èyí tí ó fẹ̀ ní 5 sẹ̀ǹtímítà péré ti lo nǹkan bí ọdún 10, bí kì í bá ṣe pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ká a rìbìtì fún títà. Afẹ́fẹ́ ni ó ń rú omi adágún náà, omi a sì máa yí ewéko yìí káàkiri ìsàlẹ̀, kí ìhà gbogbo lè rí ìmọ́lẹ̀, kí ẹrẹ̀ sì lè ṣí kúrò lára rẹ̀. Omi ibẹ̀ tutù, oòrùn kì í sì í pa á tààrà. Ta ni yóò ṣe gbogbo èyí nínú ìgò?

Ẹni tí ó ni ín ni. Kí ó máa mi ìgò náà jẹ́jẹ́ kí ewéko lè yí padà, nítorí ìhà tí kò bá rí ìmọ́lẹ̀ a di àwọ̀ erùpẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kí ó pààrọ̀ omi rẹ̀, kí ó rọra fún un nínú omi mímọ́, kí ó sì dá a padà. Kí ó má ṣe gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, omi inú ìgò bẹ́ẹ̀ yóò ti gbóná kí ọ̀sán tó pọ́n. Bí ó bá léfòó lójú ọ̀sán, kí àyà ẹnikẹ́ni má ṣe já: afẹ́fẹ́ tí òun tìkára rẹ̀ ń mí jáde nínú ìmọ́lẹ̀ ni ó gbé e sókè.

Ẹnìkan lè bá wa jiyàn pé Nathaniel Ward, oníṣègùn ní Lọ́ńdọ́nù, rí ewéko tí ó hù nínú ìgò tí a dé pa ní 1829 láìsí ẹni tí ń bomi rin ín. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ewéko orí ilẹ̀ ni tirẹ̀. Ooru omi a gòkè láti inú erùpẹ̀, a sì di ìrì lára ìgò, a sì padà sílẹ̀.

Ohun tí ó dùn wá jù ni ti adágún. Láti 1921 ni òfin Jàpáànù ti ń dáàbò bo marimo Akan, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kó o lọ tà. Àjọ̀dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1950 wà fún dídá a padà sínú omi. Ní adágún Mývatn, ní Iceland, nígbà tí yóò fi di 2014, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ń fẹ́ ohun tí yóò fi han àwọn ọmọ, èyí tí ń hù lára ògiri ẹ̀yìn ilé-ìwé nígbà òjò ti tó. Kí ó ṣí i pẹ̀lú ọ̀bẹ, kí ó fi bo amọ̀ tútù tí a ká rìbìtì, kí ó sì dé e sínú ìgò ní ibòji. Bí ìgò bá ń ro omi láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kí ó ṣí ọmọrí fún wákàtí díẹ̀. Bí kò bá sí ìrì kankan lára rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó wọ́n omi díẹ̀ sí i.