Ọmọ Ju Wúrà Lọ

Ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, ní 2010, òjé pa ọmọdé tó lé ní 400. Inú agboolé ni àwọn òbí wọn ti ń lọ òkúta wúrà, wọn kò mọ̀ pé òjé wà nínú rẹ̀. Eruku rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń jẹ. Ẹ̀yìn ikú ni àwọn onímọ̀ tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ilẹ̀ wò. Wọ́n họ erùpẹ̀ olóró kúrò, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ti Bagega kò parí títí di 2013.

Mo bi ìjọba léèrè: èéṣe tí àyẹ̀wò kò fi ṣáájú sàréè? Àmánà Ọlọ́run ni ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ń ra wúrà, ẹ béèrè bóyá ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ti lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì fi omi pa eruku rẹ̀. Ọlọ́run yóò bi wá.