ÌKA TÓ ṢẸ̀ LỌBA Ń GÉ



Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bi ọmọ kan léèrè ìdí tí kò fi lè ka ohun tó wà lára wàláà rẹ̀. Ó ní ìyá òun ló rán òun lọ sí ọjà Òkè-Ajé lánàá. Mo ní ṣé títí ilẹ̀ fi ṣú ni? Ó ní rárá, wọn kò mú iná wá lálẹ́ ni. Mo ní àárọ̀ yìí ńkọ́? Ó ní Ṣàtánì ni kò jẹ́ kí òun tètè jí. Ìyá jẹ̀bi, àwọn oníná jẹ̀bi, Ṣàtánì náà jẹ̀bi. Ọmọ nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rí i pé bí àwa àgbà náà ti ń ṣe nìyẹn. Oníṣòwò tó dín òṣùwọ̀n kù ní ọjà ló le. Awakọ̀ tó sá àsápajúdé ní ayé ló ń ṣe òun.

Èyí ló mú mi rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù May, 2025. Àjọ JAMB gbé èsì ìdánwò àṣewọlé yunifásítì jáde. Nínú àwọn ọmọ tó lé ní 1,900,000, àwọn tó lé ní 1,500,000 ni kò gba tó 200 nínú 400. Kíá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dá àwọn ọmọ lẹ́jọ́. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni wọ́n, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀sùn pọ̀, tí àjọ náà tún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ní ibùdó ìdánwò 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, wọn kò tún ètò inú kọ̀ǹpútà ṣe bó ti yẹ. Ọmọ 379,997 ni ọ̀ràn náà kàn.

Ọ̀gá àjọ náà nígbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, ọmọ Abẹ́òkúta ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, onímọ̀ ẹ̀sìn Islam, ẹni tó ti ṣe gíwá Yunifásítì Ìlọrin rí. Ní 14 May 2025, ó dúró níwájú àwọn oníròyìn ní Àbújá. Kì í ṣe òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Ó lè di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn òṣìṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ sì tán. Ó ṣàlàyé ibi tí àṣìṣe ti wá, ṣùgbọ́n ó ní òun ló ni ẹ̀bi náà. Ó tọrọ àforíjì, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Láti 16 May ni wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìdánwò ṣe.

Àwọn kan ní ẹkún kì í san owó ọkọ̀, kì í sì í dá oorun tí òbí kò sùn padà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Gbígba ẹ̀bi kì í pa ẹ̀bi rẹ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tí kò gbà pé òun ṣẹ̀ kò lè rí ohun tí yóò tún ṣe. Bí àwọn àáfà ti ń kọ́ wa nípa títúúbá náà nìyẹn: kí ènìyàn jáwọ́, kí ó kábàámọ̀, kí ó pinnu pé òun kò ní padà síbẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, kí ó dá a padà.

Ẹ wo Ànọ́bì Ádámọ̀ àti Ìbílísì nínú Suratul A'raf. Àwọn méjèèjì ló ṣẹ̀. Ìbílísì ní Ọlọ́hun ló ṣi òun lọ́nà. Ádámọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ní àwọn ló ṣe àbòsí sí ara àwọn. Ọ̀kan gba ègún, èkejì gba àforíjì. Suratu Ibrahim sì sọ fún wa pé Ṣàtánì tí à ń di ẹrù rù yìí yóò kọ̀ wá sílẹ̀ lọ́jọ́ ẹ̀san, yóò ní ìpè lásán ni òun pè wá, àwa la jẹ́ ẹ.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Láti ọdún 1977, tí ìbéèrè WAEC jáde síta kí ọjọ́ tó pé, ni ọ̀rọ̀ "ẹ́kísípò" ti di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ọmọ á ní gbogbo ayé ló ń ṣe é. Òbí á ní àánú ọmọ ló ṣe òun tí òun fi sanwó fún un. Ní 2024, JAMB kéde pé ọwọ́ tẹ bàbá kan tó jókòó ṣe ìdánwò ní orúkọ ọmọ rẹ̀. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òbí tó ra èsì fún ọmọ ti kọ́ ọ pé ẹlòmíràn ni yóò máa ru ẹrù rẹ̀ títí ayé.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé kò sí ẹ̀bi lọ́rùn ìjọba tàbí olùkọ́. Olùkọ́ tí kò wá sí kíláàsì, ọrùn rẹ̀ ni ìyẹn wà. Ìwé tí ìwọ kò ṣí, ọrùn tìrẹ ló wà. Àwa tí a pe àwọn ọmọ 2025 ní ọ̀lẹ kí a tó wádìí náà jẹ̀bi ẹnu ara wa. Mélòó nínú wa ló ti bẹ ọmọ rẹ̀?

Lọ́la, bí a bá bi ọ́ pé ta ló ṣe é, gbìyànjú kí o dáhùn pé, "Èmi ni." Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní ọkàn tó lè sọ bẹ́ẹ̀, kí ó sì foríjì wá. Aamin.