Òkúta Ewékorò: Ẹ Jẹ́ Kí Iná Kọ́kọ́ Sọ Tirẹ̀

Ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti ń gbọ́ ọ pé epo rọ̀bì wà lábẹ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Òkúta dúdú pẹlẹbẹ tó bo òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà fún sìmẹ́ńtì ní Ewékorò ni wọ́n ń nawọ́ sí. N kò jiyàn pé ohun abẹ̀mí ayé àtijọ́ jẹrà sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹkùrọ́ kò tíì di àdín àfi bí iná bá kàn án.

Ẹ̀rọ Rock-Eval, tí àwọn onímọ̀ Faransé kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1977, ni ó ń yan irú òkúta bẹ́ẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè jó o. Ní nǹkan bí 300 digirì, epo tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò yọ, wọn á wọ̀n ọ́n. Bí ooru bá ń ga sí i, ìyókù yóò fọ́ di epo. Bí ó bá yọ jù kí ooru tó dé nǹkan bí 435, ilẹ̀ kò tíì sè é jinná nìyẹn.

Ìyẹ̀fun òkúta tí kò kún ṣíbí ló ń fẹ́, síbẹ̀ òkèèrè ni a ṣì ń kó ọ̀pọ̀ tiwa lọ yàn! Kí yunifásítì wa ra tirẹ̀. Kí ó tó dé, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ epo gba oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ Ìtòrì.