Rédíò Tó Ń Tàn Yanran, Tí Kò Gbọ́ Ohùn Àkúrẹ́

Ìgbókọ̀dá, tó jẹ́ ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni ọ̀pọ̀ èrò tó ń lọ sí Ayétòrò àti àwọn ìletò etíkun mìíràn ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá wo inú àwọn mọ́tò tó wà níbẹ̀ lónìí yóò rí i pé àṣà tuntun kan ti gbòde. Rédíò olójú gbàgbàdà tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní Android, ti ń lé rédíò onísíídì kúrò nínú Corolla àti Camry tòkunbọ̀. Bí ọlọ́kọ̀ bá ti rówó díẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ rò, nígbà mìíràn kó tó rántí táyà.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn ṣe ọkọ̀ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ojú tí wọ́n fi ń rà á ní Èkó ni wọ́n fi ń rà á ní Ìlàjẹ. Ìbéèrè méjì péré ni ọ̀pọ̀ ń bi ẹni tó ń tà á: báwo ló ṣe fẹ̀ tó, GB mélòó ló sì ní? Etíkun Ìlàjẹ ní ìbéèrè tirẹ̀, ó sì le ju méjèèjì lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbé iyọ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá jìnnà síbẹ̀, mọ́tò sì lè dá dúró fún ọjọ́ mẹ́rin níbi tí wọ́n gbé e sí nígbà tí ẹni tó ni ín wà lókè omi. Ẹni tó bá ra rédíò láìro nǹkan wọ̀nyí, inú ọ̀sà ló ju owó rẹ̀ sí.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbọ́ rédíò, nítorí pé orúkọ tí ohun náà ń jẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Galvin ní Amẹ́ríkà gbé rédíò ọkọ̀ tí wọ́n pè ní Motorola jáde ní 1930, kí ẹni tó ń wakọ̀ lè gbọ́ ìròyìn àti orin ni wọ́n ṣe ṣe é. Iṣẹ́ yẹn kò tíì tán ní Ìlàjẹ. Ìlú Ayétòrò, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ọ̀pọ̀ ilé àti ilẹ̀ sọ́wọ́ òkun. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ ń fi mọ́tò na Òkìtìpupa, fẹ́ mọ̀ bí omi bá tún ti ya wọlé. Kò gbọdọ̀ máa tẹ fóònù lórí eré. Etí nìkan ló ṣẹ́kù fún un.

Positive FM tó wà lórí 102.5, Orange FM tó wà lórí 94.5 àti Adaba FM tó wà lórí 88.9, Àkúrẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe ibùjókòó. Àkúrẹ́ sí Ìgbókọ̀dá lé ní 100 kìlómítà. Bí ìgbì FM bá ṣe ń jìnnà ló ń rẹ̀ ẹ́, nígbà tó bá sì fi dé etíkun, ó ti di ohùn aláìsàn. Ní Èkó, rédíò tí etí rẹ̀ di pàápàá yóò gbọ́, nítorí pé òpó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wà nítòsí. Ẹni tó ń ta irú rẹ̀ ní Alábà lè tà á títí láìgbọ́ ẹ̀sùn kankan. Ní Ìlàjẹ, rédíò kan náà yóò máa hó bí epo gbígbóná.

Nígbà mìíràn, rédíò náà kọ́ ló jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé, pàápàá àwọn tí áńtẹ́nà wọn rí bí lẹbẹ ẹja lórí òrùlé tàbí tí wọ́n fi í sínú gíláàsì ẹ̀yìn, ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fún ìgbì rédíò lókun. Ẹ̀rọ náà ń jẹ iná, rédíò tó bá ọkọ̀ wá ló sì ń fún un níná. Bí wọ́n bá yọ ti àtijọ́ kúrò, tí wọn kò sì so wáyà búlúù tó yẹ kó gbé iná lọ sí áńtẹ́nà, ẹ̀rọ náà yóò kú fin-ín fin-ín. Ojú rédíò yóò máa tàn, fídíò yóò máa ṣeré, kò sì sẹ́ni tí yóò fura títí ìròyìn agogo méje yóò fi dé. Wáyà kan ṣoṣo ni. Ìṣòro kejì wà nínú ètò rédíò fúnra rẹ̀. Ní Japan, FM parí sí 95; ti Nàìjíríà dé 108. Èyí tí wọ́n bá ṣètò sí ti Japan kò ní dé 102.5 láéláé, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú kan ni àtúnṣe rẹ̀ gbà.

Àwọn kan yóò ní íńtánẹ́ẹ̀tì ti dé, ta ló tún ń wá áńtẹ́nà. Ẹni tó bá gbé etíkun mọ̀ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń wá tó sì ń lọ. Dátà náà kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́lé sí etíkun mọ bí páànù ṣe ń dípẹtà kíákíá. Bàbà inú wáyà kì í là: yóò di aláwọ̀ ewé, yóò jẹrà, iná kò sì ní rìn dáadáa nínú rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ réwáyà ń gbà so rédíò ni kí wọ́n gé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá ọkọ̀ wá dànù, kí wọ́n bó orí wáyà, kí wọ́n lọ́ wọn pọ̀, kí wọ́n sì fi téèpù dúdú wé e. Ooru ọ̀sán inú dáṣíbọ́ọ̀dù yóò yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù náà, téèpù yóò tú, iyọ̀ yóò wọlé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, sípíkà kan á dákẹ́, ojú rédíò á máa kú á máa jí, ọlọ́kọ̀ á sì máa bú àwọn ará Ṣáínà.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá Toyota, Honda tàbí Nissan mu wà lọ́jà. Ẹnu rẹ̀ kan ń wọ inú èyí tó bá ọkọ̀ wá, wáyà ẹnu kejì ni wọ́n ń so mọ́ rédíò tuntun, ohunkóhun kò sì ní gígé lára wáyà ọkọ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó rédíò. Níbi tí ìsopọ̀ bá ti pọn dandan, kí wọ́n fi òjé jó o pọ̀, kí wọ́n sì fi ike tó ń súnkì mọ́ wáyà bí iná bá kàn án bò ó. Wáyà dúdú, èyí tó ń lọ sára irin ọkọ̀, kò gbọdọ̀ jókòó lórí ọ̀dà tàbí ìpẹtà. Kí wọ́n ha ojú irin náà títí yóò fi dán, kí wọ́n dè é pinpin, kí wọ́n sì fi gíríìsì bò ó. Fíùsì ńkọ́? Réwáyà tó bá yọ fíùsì tó jó, tó fi wáyà lásán dípò rẹ̀, ti pe iná wá sínú ọkọ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Tákísì tó bá jó ní títì Òkìtìpupa, gbèsè ló bù sí i.

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti ní sikurudíráfà. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú: ẹni tó ń ta ṣájà fóònù lánàá ti di ẹni tó ń tú dáṣíbọ́ọ̀dù lónìí. Wáyà pupa àti wáyà yẹ́lò ni wọ́n fi ń mọ réwáyà tòótọ́. Wáyà yẹ́lò ń gba iná láti inú bátìrì nígbà gbogbo, kí rédíò má bàa gbàgbé aago àti àwọn ìkànnì tó ti tọ́jú. Ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ló ń mu. Wáyà pupa ń gba iná nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ṣíṣí nìkan, òun ló ń sọ fún rédíò pé kó jí tàbí kó sùn. Ọ̀lẹ tí kò fẹ́ wá ibi tí iná kọ́kọ́rọ́ wà yóò so méjèèjì pọ̀. Rédíò yóò ṣiṣẹ́, ọlọ́kọ̀ yóò dúpẹ́, yóò sì sanwó. Ṣùgbọ́n rédíò náà kò ní mọ ìgbà tí ọkọ̀ sùn mọ́. Bí wọ́n bá tiẹ̀ pa ojú rẹ̀, inú rẹ̀ ṣì ń jẹ iná.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ lè má mọ̀, nítorí pé ẹ́ńjìnì ń dá iná padà sínú bátìrì. Ẹni tó gbé mọ́tò kalẹ̀ sí Ìgbókọ̀dá ní Ọjọ́bọ̀, tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi ìsìnkú, tó sì padà dé ní ọjọ́ Ajé, ni yóò mọ̀. Yóò yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò yóò dákẹ́ bí òkú tó lọ sin.

Ní ti yíyan rédíò gan-an, ìwọ̀n ihò tí àwọn ará Jámánì fi lélẹ̀, tí gbogbo ayé wá ń lò, jẹ́ 180 mìlímítà ní ìbú àti 50 ní gíga. Èyí tí gíga rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ni wọ́n ń pè ní Double DIN. Ihò ọ̀pọ̀ Toyota fẹ̀ tó 200 mìlímítà, ìdí nìyí tí Double DIN lásán fi máa ń fi àlàfo sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Àwọn olójú ínṣì 9 tàbí 10 nílò férémù tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ náà àti ọdún rẹ̀ gan-an. Kí wọ́n gbé e lé dáṣíbọ́ọ̀dù wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́: ṣé kò bo ihò atẹ́gùn, ṣé ọwọ́ sì ṣì tó bọ́tìnì iná ìkìlọ̀? Ní ti GB, ohun tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn kan wà tí wọ́n ti tún inú wọn ṣe kí ojú wọn lè máa pariwo 8 nígbà tó jẹ́ pé 2 ló wà níbẹ̀. Áàpù bíi CPU-Z tàbí AIDA64 sábà máa ń tú àṣírí irú wọn.

Fífẹ̀ ojú kọ́ sì ni ìlọsíwájú. Ní 1986 ni Buick ní Amẹ́ríkà ti gbé ojú tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ sínú ọkọ̀ Riviera, tí àwọn awakọ̀ sì ráhùn pé ó ń gba ojú wọn kúrò lọ́nà. Ní 2022, ìwé ìròyìn Vi Bilägare ní Sweden dán àwọn ọkọ̀ wò lórí eré 110 kìlómítà ní wákàtí kan. Àwọn iṣẹ́ kéékèèké bíi yíyí ìkànnì rédíò padà gba ìṣẹ́jú àáyá 10 nínú Volvo V70 ti 2005 tó ní bọ́tìnì. Nínú ọkọ̀ MG tuntun tó jẹ́ pé ojú ìfọwọ́tẹ̀ ló gbé lé, ó lé ní 40, ọkọ̀ náà sì ti rìn ju kìlómítà kan lọ kí iṣẹ́ náà tó parí. Rédíò olójú ínṣì 7 láti ilé-iṣẹ́ tó lórúkọ, tó ní kókó tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sódò, tó sì lè bá fóònù ṣiṣẹ́ pọ̀ nípasẹ̀ CarPlay tàbí Android Auto, sàn ju olójú ínṣì 10 aláìlórúkọ lọ. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n bá yọ lára fífẹ̀ ojú tó láti san fún réwáyà gidi.

Kámẹ́rà ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ohun kan tó yẹ kí wọ́n náwó lé láìṣiyèméjì. Ọlọ́kọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn lọ́jọ́ ọjà Ìgbókọ̀dá, láàárín agbọ̀n ẹja àti ọmọdé, nílò rẹ̀ ju orin lọ. Kó sáà máa fi aṣọ tútù nu iyọ̀ kúrò lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó léwu jù lọ tún kan wáyà kan. Rédíò wọ̀nyí ní wáyà tó yẹ kó lọ sí bíréèkì ọwọ́, kí fídíò lè kú lójú awakọ̀ bí ọkọ̀ bá ti ń rìn. Àwọn tó ṣe é mọ ìdí tí wọ́n fi fi í síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ réwáyà ń ṣe ni pé wọ́n ń so ó mọ́ irin ọkọ̀, kí rédíò lè máa rò pé ọkọ̀ dúró nígbà gbogbo, nítorí pé ọlọ́kọ̀ fẹ́ máa wo bọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ní mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Awakọ̀ tó fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta wo góòlù ti fi ojú dídì wa èrò mẹ́rìnlá gba ibi tó gùn ju mítà 60 lọ. Ọ̀nà etíkun Èkó sí Kàlàbá tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2024 wà nínú ètò láti gba ilẹ̀ Ìlàjẹ kọjá. Nígbà tó bá dé, eré yóò tún pọ̀ sí i.

Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ń mú awakọ̀ tó bá tẹ fóònù lórí eré, wọ́n sì ń yẹ táyà àti ohun ìpaná wò. Ojú ínṣì 10 tó ń ṣe fídíò níwájú awakọ̀ burú ju fóònù lọ. Kí àwọn náà àti àwọn VIO ìpínlẹ̀ Oǹdó máa béèrè pé kí awakọ̀ tan fídíò kí ó sì tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Bí fídíò kò bá kú, kí ọkọ̀ má kúrò níbẹ̀. Àwọn alága gáréèjì lè ṣe é láàárọ̀ kí wọ́n tó fún ọkọ̀ ní èrò, láìdúró de ẹnikẹ́ni. Èrò pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ láti ní kí awakọ̀ pa á, kó má sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ní ti ọlọ́kọ̀, kó má ṣe san àṣẹ́kù owó nígbà tí orin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bú jáde. Kó yọ kọ́kọ́rọ́, kó sì rí i pé rédíò sùn lóòótọ́. Kó tú bíréèkì ọwọ́, kó wo fídíò. Kó ní kí wọ́n fi òun mọ ibi tí fíùsì wà. Lẹ́yìn náà, kó wa ọkọ̀ kúrò lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí gbangba, kó tẹ 102.5. Bó bá ṣì ń hó, kó padà lọ bá réwáyà kó so wáyà búlúù.