Gbogbo Ejò Kọ́ Ló Ń Yé Ẹyin

Tí wọ́n bá bi wá ní kíláàsì bí ejò ṣe ń bímọ, gbogbo wa á pariwo pé ẹyin ló ń yé. Ti ere ni ìyẹn: á yé ẹyin, á sì ká ara mọ́ wọn títí wọ́n á fi pa. Ọká kò yé ẹyin síta o! Inú rẹ̀ lọmọ ti ń dàgbà, ààyè ló sì ń bí wọn, wọ́n lè ju 20 lọ. Àwọn kan ní ọmọ ọká máa ń fa ikùn ìyá wọn ya. Irọ́ ni.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àwọn sẹ́ńíọ̀ tó ń ní ejò kékeré kò lóró. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ọká ló ti lóró lẹ́nu! Ní Ugbolokposo níbí, òjò kì í jẹ́ kí koríko sinmi. Mi ò gbà kí júníọ̀ máa fọwọ́ lásán kó o. Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní réèkì.