Bí Ìjàpá Kejì Bá Fẹ́ Wọlé



Nínú àlọ́ tí a ń pa fún àwọn ọmọ wa, Ìjàpá kì í dá gbé. Yánníbo aya rẹ̀ a máa wà nílé. Bóyá èyí ni ó ń mú kí ìjàpá kan ṣoṣo tí ń rìn káàkiri àgbàlá máa ṣe àwọn ìyá láàánú, tí wọn yóò sì fẹ́ wá ẹnì kejì fún un. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: ìjàpá inú àlọ́ ni ó ń gbé ìyàwó. Ti inú igbó a máa dá jẹ, a máa dá sùn, kì í sì í wá irú rẹ̀ kiri àfi nígbà tí akọ bá ń wá abo. Bí ẹ bá mú èkejì wá, ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ ẹ, kì í ṣe òun.

Bí ó bá sì wá di dandan, ẹ kọ́kọ́ wo irú èyí tí ó jẹ́. Ìjàpá inú igbó ilẹ̀ wa, èyí tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ní oríkèé tí ó fi ń pa ìdí rẹ̀ dé, fẹ́ràn òjìji àti ibi tútù. A máa jẹ olu, èso àti ìgbín. (Ẹ má ṣe ra irú èyí lọ́wọ́ ọdẹ, nítorí wọ́n ti ń tán lọ nínú igbó.) Ìjàpá ńlá tí ó ti ilẹ̀ gbígbẹ apá àríwá wá, tí wọ́n ń pè ní sulcata, koríko ni oúnjẹ tirẹ̀, akọ rẹ̀ sì lè wọ̀n ju kílò 45 lọ. Àwọn méjèèjì kò gbọ́dọ̀ bá ara wọn gbé. Yàtọ̀ sí oúnjẹ, kòkòrò àrùn tí ọ̀kan ń gbé kiri láìṣàìsàn lè pa èkejì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí wọn wò. Ìrù akọ a máa gùn, a sì máa nípọn ju ti abo lọ. Abẹ́ ikùn rẹ̀ a sì máa tẹ̀ wọnú. Akọ méjì ni ó burú jù. Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan: wọn yóò máa kan ara wọn títí ọ̀kan yóò fi dojú èkejì dé. Ìjàpá tí ó bá dùbúlẹ̀ sẹ́yìn nínú oòrùn lè kú, nítorí abẹ́ igbá ẹ̀yìn ni ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wà, ìfun yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Akọ kan pẹ̀lú abo kan kò sàn púpọ̀. Akọ yóò máa lé e kiri, yóò máa bù ú jẹ lẹ́sẹ̀, abo kò sì ní ráyè jẹun. Abo méjì ni ó rọrùn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa obìnrin mọ̀ pé orogún méjì lè ja ìjà tí kò ní ariwo. Ẹ máa wò bóyá ọ̀kan ń jókòó lé oúnjẹ, tàbí ó ń dí èkejì lọ́nà.

Kí àlejò náà tó rí onílé, kí ó dá gbé fún oṣù 3, pẹ̀lú abọ́ tirẹ̀ àti ìgbálẹ̀ tirẹ̀. Onílé ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú láràárọ̀, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àlejò, kí ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà. Bí ikun bá ń jáde nímú rẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá wú, bí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tí ó kọ oúnjẹ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Àní bí ara rẹ̀ bá le, ẹ mú ìgbẹ́ rẹ̀ lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún aràn.

Ní ọjọ́ ìpàdé, ẹ wá ibi gbígbòòrò tí onílé kò tíì sọ di tirẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ tún àgbàlá tò kí ó dà bí ibi tuntun. Ẹ fún wọn ní oúnjẹ ṣáájú. Abọ́ méjì, ibùsùn méjì, òkúta àti ewéko láàárín kí wọn má baà máa wo ojú ara wọn. Ẹ dúró tì wọ́n. Kí ìpàdé àkọ́kọ́ má sì ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lọ. Bí wọ́n bá ń kan ara wọn léraléra, ẹ fi búlọ́ọ̀kù tàbí pákó pààlà, kì í ṣe àwọ̀n, nítorí èyí tí ó bá ń rí èkejì yóò máa fi orí ti àwọ̀n náà lójoojúmọ́. Kí pààlà náà sì wà títí.

Ẹ rántí pé ẹ̀mí wọn gùn. Nígbà tí Alágbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ààfin sọ pé ó lo ọdún 344. Àwọn onímọ̀ ṣiyèméjì, ṣùgbọ́n 50 ọdún kì í ṣe nǹkan bàbàrà fún ìjàpá. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ ni yóò pín wọn fún ọmọ.

Ní ti àwọn ọmọ náà: ìjàpá tí ara rẹ̀ le koko lè gbé kòkòrò àrùn tí ń jẹ́ Salmonella, tí í fa ibà àti ìgbẹ́ gbuuru. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ka títa ìjàpá àti awun odò tí igbá ẹ̀yìn wọn kò tó íńṣì 4 léèwọ̀ ní 1975, torí pé àwọn ọmọdé a máa kó wọn sẹ́nu. Ìjàpá méjì, ìgbẹ́ ìlọ́po méjì nínú àgbàlá tí ọmọ ti ń rákò. Kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 má ṣe fọwọ́ kàn wọ́n. Kí àgbà fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Abọ́ wọn, ìta ni kí ẹ ti máa fọ̀ ọ́, nínú bàsíà tirẹ̀, kì í ṣe nínú ilé ìdáná níbi tí ẹ ti ń fọ ìgò wàrà ọmọ.